Bí a ṣe bọ́ àwọn ọmọ kántíìnì wa nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé

Èmi àti obìnrin mẹ́ta la máa ń dáná ní kántíìnì ilé ìwé abúlé wa, lẹ́bàá Kétu. Àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró ń wá láti inú ètò tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tí PAM, àjọ ètò oúnjẹ àgbáyé, ń bá wọn bójú tó nígbà náà. Igi ìdáná àti ata, ará abúlé ló ń kó o sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, a fọ ìkòkò, a dojú rẹ̀ dé. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo mọ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé abọ́ ọ̀sán yẹn ló ń dá wọn dúró. Ẹni tó bá ń bu oúnjẹ fún ọmọdé lójoojúmọ́ á mọ̀ wọ́n: àwọn ló ń fi ìka nu ìdí abọ́, tí wọ́n á sì tún wo ojú ìkòkò.

Mo lọ bá bàálẹ̀ àti alága àwọn òbí. A fohùn ṣọ̀kan pé a ò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kántíìnì, torí ó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Abúlé kó àgbàdo jọ, àwọn tó ń ta ẹ̀wà dá tiwọn, ọmọ wa kan ní Kútọnu fi 40 000 sẹ́fà ránṣẹ́. Ọmọ 58 la kọ orúkọ wọn.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyí. Kí èrò má baà pọ̀ lójú kan, mo ní ká pín àgbàdo gbígbẹ fún wọn lọ sílé, tòǹgólò (agolo ìwọ̀n) mẹ́ta-mẹ́ta. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo rí ọmọkùnrin kan níbi ẹ̀rọ omi, mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní, “Ìyá, bàbá mi ti gbin àgbàdo yẹn.” Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, irúgbìn inú àká ti tán, kí ni kí bàbá náà ṣe? Mi ò bínú sí i. Àmọ́ ojú ọmọ náà ti wọnú, mo sì ń rí egungun èjìká rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ní oúnjẹ sísè ni, kó wọnú ọmọ lójú wa.

Àdàlú la mú, torí ó gba àgbàdo, ó gba ẹ̀wà, kò sì bèèrè ọbẹ̀. Alẹ́ la ti ń rẹ àgbàdo sómi. Ní aago mẹ́rin ìdájí, òun ló kọ́kọ́ ń gun iná. Ó tó wákàtí méjì kí ẹ̀wà tó lọ bá a. Èmi kì í tètè da iyọ̀ sí i. Ìgbà tí mo bá fi ìka méjì tẹ hóró ẹ̀wà, tó fọ́, ni alùbọ́sà, ata, iyọ̀ àti epo pupa tó ń wọlé. Òórùn rẹ̀ làwọn ọmọ fi ń mọ àkókò.

Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń wá, àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn, kálukú pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. A fi eérú ya àmì róbótó-róbótó sábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ kan nínú àmì kan.

Ọmọ 11 ò wá rárá. Àwọn òbí ti kó wọn lọ sí abà fún iṣẹ́ gbígbìn. Ìkòkò ò ṣeé gbé débẹ̀, la bá ra gaàrí àti kúlíkúlí. Mo kọ̀ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan; àpò ńlá, gbogbo ilé ló ni ín. A dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ọmọ kan fún ọjọ́ kan, onízẹmijan kan, ìyẹn ọlọ́kadà, sì ń gbé e lọ ní ọjọ́ ọjà.

Rédíò sọ lẹ́yìn náà pé PAM ka àwọn ọmọ tí oúnjẹ ilé ìwé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ káàkiri ayé ní oṣù Kẹrin yẹn sí mílíọ̀nù 370. Orúkọ 58 ni agbára mi ká.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, àwọn CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọlé padà. Àwọn kékeré ṣì wà nílé, a sì ń dáná lọ. Nígbà tó di oṣù Keje, bàbá tó gbin àgbàdo ọjọ́sí gbé agbọ̀n kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi, àgbàdo tútù, omi ṣì ń kán lára ewé rẹ̀. Ó ní kí n bá òun kà á. Ó lé ní ọgọ́ta. A sè é lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ó sì kan àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.