Ẹ Má Jẹ́ Kí "Ẹ̀jẹ̀ Yín Ti Dára" Tàn Yín: Bí A Ṣe Ń Mójú Tó Àìsàn Coeliac Nílùú Ọba

Bí dókítà bá sọ fún yín nílùú ọba pé àìsàn coeliac ló ń ṣe yín, kò sí oògùn kan tí wọ́n máa kó fún yín pé kí ẹ máa lò. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ ò ní jẹ ohun tó ní àlìkámà, bálì tàbí ráì mọ́ títí láé, nítorí glúténì, èròjà purotéènì inú wọn, ló ń mú kí ara máa bá ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ jà. Ìyẹn ò ṣòroó gbọ́. Èyí tó ṣòro ni pé, ta ni yóò máa wò ó bóyá glúténì ti kúrò nínú oúnjẹ yín lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló rò pé NHS, ètò ìlera ìjọba, ni yóò máa pe àwọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù: bí ẹ ò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má pè yín.

Àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ò le. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni, ní England wọn ò sì gbọdọ̀ lé yín padà torí pé ẹ ò ní ìwé ibi tí ẹ ń gbé lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé coeliac wà nínú fáìlì yín. Bí England lẹ bá wà, ẹ gba NHS App sórí fóònù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní annual review. NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú, ti kọ ọ́ sínú ìlànà NG20 láti 2015 pé kí wọ́n máa fún ẹni tó ní coeliac ní àyẹ̀wò yìí: kí wọ́n wọn ìwúwo àti gíga rẹ̀, kí wọ́n béèrè bí ara ṣe rí, kí wọ́n sì rò ó bóyá ó yẹ kó rí onímọ̀ oúnjẹ. Ó tán. Ibi tí wàhálà wà gan-an ni mò ń bọ̀ yìí.

Ìyàwó àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n rí coeliac lára rẹ̀, ó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ó jáwọ́ nínú sẹmolínà, kò fi ṣeré rárá. Nígbà tó yá, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti dára. Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí fóònù, wéré, kò sì bi í léèrè ohun kan nípa oúnjẹ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á ní iṣẹ́ alẹ́ ni. Bí inú rẹ̀ bá wú, á ní òun ò sùn dáadáa. Wọ́n kó láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ó pààrọ̀ GP, àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Ọjọ́ kan ló yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìṣubú tí èèyàn á dìde níbẹ̀ kó gbọn aṣọ nù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò egungun tí wọ́n ń pè ní DXA fún un, wọ́n rí i pé egungun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ti obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, nítorí ìfun tó bàjẹ́ kì í lè fa èròjà tó ń gbé egungun ró dáadáa. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí, nítorí kò sí ọdún kan nínú àwọn ọdún yẹn tí wọn ò lè ti mọ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ tó wá rí lẹ́yìn èyí ló tú gbogbo rẹ̀ wò. Kò bi í pé "Ṣé ẹ ń jẹ glúténì?" Ta ló máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó ní kó ka gbogbo ohun tó ti wọ ẹnu rẹ̀ láti àná, pẹ̀lú ibi tó ti jẹ ẹ́ àti ohun tí wọ́n fi sè é. Ibẹ̀ ni kọnfúléèkì tó máa ń jẹ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ti jáde síta. Àgbàdo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀, bálì sì ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni tósítà ibi iṣẹ́ ti jáde, èyí tí gbogbo èèyàn ń fi yan búrẹ́dì, tí òun náà ń ki búrẹ́dì tirẹ̀ tí kò ní glúténì bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀dùnkún díndín ti jáde, tí wọ́n ń dín nínú òróró kan náà pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà bò. Kò jalè jẹun o. Kò mọ̀ ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tanni. tTG ni orúkọ àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń ṣe. Ó ń wọn èròjà ìjà tí ara ń pèsè nígbà tí glúténì bá ń wọlé. Bí ẹ bá jáwọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Ó lè gba ọdún kan sí méjì. Nítorí náà, bó bá ṣì ga lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tó sì ń lọ sílẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni pè yín ní òpùrọ́. Apá kejì ló léwu jù: lẹ́yìn tó bá ti lọ sílẹ̀, glúténì díẹ̀díẹ̀ tó ń yọ́ wọlé lè má gbé e sókè mọ́, ìfun ò sì ní jinná. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé mílígíráàmù 50 glúténì lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta, lè ba ìfun jẹ́. Glúténì inú ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo tó nǹkan bíi mílígíráàmù 2,000. Ẹ pín ègé náà sí ogójì, ẹ mú ìdá kan níbẹ̀: òun nìyẹn. NICE fúnra wọn kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan pinnu pé glúténì ti kúrò nínú oúnjẹ èèyàn. Ẹ há gbólóhùn yìí sórí, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi "ẹ̀jẹ̀ yín ti dára" pa fóònù mọ́ yín létí.

Àwọn kan tún wà tí ara wọn kì í pèsè IgA, ọ̀kan lára irú èròjà ìjà ara, tó. Àyẹ̀wò tTG tó bá dúró lórí IgA lè máa dára fún irú wọn kódà bí wọ́n bá ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ lálẹ́. Àyẹ̀wò ti IgG, irú èròjà ìjà mìíràn, ló yẹ wọ́n. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wo IgA yín rí. Ẹ má tijú. Ẹ tún máa tọ́jú èsì àyẹ̀wò yín pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, nítorí òṣùwọ̀n yàtọ̀ láti ilé àyẹ̀wò kan sí èkejì, bí ẹ bá sì kó lọ ìlú mìíràn, "ó dára" lásán ò ní sọ nǹkan kan fún dókítà tuntun.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi yín ni oúnjẹ. Ìbéèrè méje kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń lò, CDAT ni wọ́n ń pè é. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 7 dé 35, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ 13 ń ṣe dáadáa. Ó ń béèrè bóyá ó máa ń rẹ̀ yín, bóyá orí ń fọ́ yín, bóyá ẹ lè dúró lórí oúnjẹ yín níbi tí kì í ṣe ilé yín, àti iye ìgbà tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ glúténì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá. Òtítọ́ ni kí ẹ sọ. Èyí tó ń dùn mí jù nípa àwa Yorùbá nìyí: nọ́ọ̀sì á béèrè pé báwo ni ara, a ó ní "A dúpẹ́, kò sí wàhálà." Òun á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà! Ìgbẹ́ gbuuru tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ ọ́. Àárẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ọdún àwọn ìbátan tí ẹ lọ, tí ojú ń tì yín láti kọ oúnjẹ, ẹ sọ ọ́. Wọn ò ní lù yín.

Ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ kọ oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀, ti ọjọ́ iṣẹ́ àti ti ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí ohun tí ẹ ń rà. Òfin ibí ní kí wọ́n kọ àlìkámà, bálì, ráì àti óòtì lọ́nà tó yàtọ̀, bíi lẹ́tà tó dúdú, sínú àkójọ èròjà. Ohun tí wọ́n bá kọ "gluten free" sí lára kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 glúténì nínú kílógíráàmù kan lọ. Ẹ má fi "wheat free" pè é ní "gluten free" o. Bálì lè wà níbẹ̀. Ẹ sì máa ka páálí náà lẹ́ẹ̀kansí kódà bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ti ń rà tipẹ́, nítorí wọ́n máa ń yí èròjà padà láìlu agogo.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń ta oògùn oníhóró tí wọ́n ní ó ń fọ́ glúténì túútúú nínú ikùn, pé kí ẹ gbé e mì kí ẹ sì jẹ ohun tó bá wù yín. Kò sí èyí tó lè rọ́pò oúnjẹ tí kò ní glúténì. Ẹ má fowó yín ṣòfò, ẹ má sì fi ìfun yín dánra wò. Ohun èlò àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ìgbẹ́ náà wà tó ń wá ìyókù glúténì. Ìmọ̀ gidi ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìtọ̀ kì í rí ju nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì sẹ́yìn lọ, ti ìgbẹ́ sì jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan lónìí, kò mọ ohun tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ní ti búrẹ́dì tí dókítà lè kọ fún yín: ní England, láti oṣù Kejìlá 2018, búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun pípò nìkan ló kù, kì í sì í ṣe gbogbo àgbègbè ló ń fúnni. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. Ẹ béèrè níbi tí ẹ wà.

Bí ẹ bá pe GP, ẹ sọ ọ́ báyìí: "I have coeliac disease. I need my annual review and I want to see a dietitian." Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, NHS ló ń sanwó rẹ̀, ẹ má fi ọmọ yín ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀, tí wọ́n ní tTG yín ti dára, àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, tí ẹ ń rù, tàbí tí inú ò sinmi, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ béèrè, wọ́n sì kọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n wo egungun yín. Ẹ má dúró di ìgbà tí nǹkan bá kán.

Òbí yín, ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti baba kan náà, gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí ó ń rìn nínú ìdílé. Kí wọ́n má sì tíì yọ glúténì kúrò nínú oúnjẹ o. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò náà lè má rí ohun tó wà níbẹ̀.