Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mo Lọ sí Darjeeling: Bí Mo Ṣe To Àwọn Fótò Náà Jọ

Fótò 1,640 ló wà nílẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà nínú kámẹ́rà, àwọn kan wà nínú fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti sán, mo sì da àwọn tó kù sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà láìkọ ọjọ́ sí i, láìkọ oṣù. Ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn: Darjeeling, ní àríwá ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà, ìlú tó jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Himalaya, ní nǹkan bíi mítà 2,000 sókè ju òkun lọ. Kolkata ni mo ti ń kàwé nígbà náà. Bí a bá ti gba ìsinmi, tí owó díẹ̀ sì wà lọ́wọ́, màá wọ rélùwéè alẹ́ ní Sealdah, ilẹ̀ á mọ́ bá mi ní New Jalpaiguri, màá wá bá àwọn èrò há sínú jíìpù tó ń gun òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ: oṣù Keje 2016, oṣù Kọkànlá 2017, oṣù Kẹrin 2018, àti oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le lẹ́nu: kí n yan àwọn tó dára, kí n tẹ̀ wọ́n sórí pépà, kí n fi ṣe álíbọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan fún màmá mi ní Òṣogbo, ọ̀kan fún didi. Didi ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè Nepali, èdè tí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ń sọ. Obìnrin tó ni ilé tí mo máa ń wọ̀ sí ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Bhai lòun náà ń pè mí, ìyẹn àbúrò ọkùnrin. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì pe ara wa ní nǹkan mìíràn mọ́ di òní.

Aago ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Kámẹ́rà máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí mọ́ fótò, mo sì rò pé bí mo bá ti lè fi ìyẹn tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ló bá di pé oúnjẹ ọ̀sán bọ́ síwájú oúnjẹ àárọ̀. Fótò tí mo yà ní Tiger Hill, níbi tí èrò máa ń pọ́n sí ní ìdájí láti wo oòrùn yọ, aago 1:52 òru ni wọ́n kọ sí i. Mo ronú títí. Àṣé mi ò tíì yí aago kámẹ́rà yẹn padà láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Aago Nàìjíríà ló ṣì ń kà, fóònù sì ń ka ti Íńdíà. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni Íńdíà fi ṣáájú wa. Kó lè dá mi lójú, mo wá fótò kan tí aago ara ògiri ilé ìdáná didi hàn nínú rẹ̀: ti ògiri sọ pé 4:05 ìrọ̀lẹ́, ti kámẹ́rà sọ pé 11:35 òwúrọ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Mo fi kọ̀ǹpútà sún gbogbo fótò kámẹ́rà síwájú ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan náà, ni oòrùn Tiger Hill bá yọ ní aago 6:22 àárọ̀, bó ṣe yẹ kó yọ lóṣù Kejìlá. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí aago kámẹ́rà yín kẹ́ ẹ tó ya ẹyọ kan.

Ti oṣù Kẹrin 2018 ló dùn mí jù. Háàdì dísìkì tí mo kó wọn sí kú, kò sì sí ibòmíì tí mo tọ́jú wọn sí. Àwọn 61 tí mo fi fóònù yà ló ṣẹ́ kù. Ìgbà ìkórè tíì àkọ́kọ́ nínú ọdún sì ni, èyí tí owó rẹ̀ máa ń gbówó lórí jù lọ. Ọ̀kan nínú àwọn 61 náà, ọwọ́ obìnrin kan tó ń já ewé ni: ewé méjì àti ọmùnú kan, èyí nìkan ni wọ́n ń já. Oje ewé ti pa orí ìka rẹ̀ dúdú, abẹ́ èékánná pàápàá dúdú. Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn pẹlẹbẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ náà ró sì gba iwájú orí rẹ̀ kọjá. Mo fi fótò yìí gba ojú ewé kan gbáko, òun nìkan.

Ó wá kan yíyan. Ibì kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Lebong Cart Road, níbi tí ọ̀nà ti kọ́ igun, tí irin ààbò wà níbẹ̀. Oko tíì wà nísàlẹ̀, àfonífojì tẹ̀ lé e, Kangchenjunga wá wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òkè kẹta tó ga jù láyé, mítà 8,586. Ó ju kìlómítà 70 lọ síbi téèyàn dúró sí, síbẹ̀ bójú ọ̀run bá mọ́, òun ló máa gba gbogbo iwájú. Ohun mímọ́ ni lójú àwọn ará Sikkim, ìpínlẹ̀ Íńdíà tó wà nítòsí òkè náà. Nígbà tí Joe Brown àti George Band kọ́kọ́ gùn ún lóṣù Karùn-ún 1955, wọ́n dúró nígbà tó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí góńgó, torí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn ò ní tẹ orí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí Òkèbàdàn jẹ́ fún ará Ìbàdàn á mọ ìdí tí ìtàn yẹn fi wọ̀ mí lára.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo máa ń ya fótò níbi irin yẹn. Ti 2016, funfun báláú ni. Òjò ni wọ́n wà, ìkúùkù bo gbogbo ayé, odindi ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi fojú kan òkè kankan. Irin nìkan ló hàn, pẹ̀lú ẹ̀kán omi tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n pa á rẹ́. Ti oṣù Kọkànlá 2017 ni mo ti fẹ́ràn jù látọjọ́ yìí: òkè náà hàn kedere, yìnyín orí rẹ̀ ń dán.

Àfi ìgbà tí mo tẹ́ àwọn tó kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti oṣù Kẹrin àti oṣù Kejìlá 2018, orí igi tíì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò ga ju ìbàdí lọ. Ní ti 2017, wọ́n ti ga gbọọrọ, koríko ti dí àárín wọn pa. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo fótò yẹn, òkè ni mò ń wò. Lọ́dún yẹn, láti oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 104 ni gbogbo ìlú fi tì pa nítorí ìjà àwọn tó ń béèrè ìpínlẹ̀ tiwọn, Gorkhaland. Oko tíì 87 tó wà lágbègbè náà tì, ọkọ̀ ojú irin ò rìn, wọ́n tún gé íntánẹ́ẹ̀tì. Ewé ń hù, kò sẹ́ni tó já a.

Mo wá fótò mìíràn tó lè tì í lẹ́yìn, mo sì rí i: ìwé tí didi máa ń kọ orúkọ àlejò sí. Ó gbé e fún mi kí n fọwọ́ sí i, mo sì yà á. Orúkọ kan wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìlà tó tẹ̀ lé e di ìparí oṣù Kẹwàá. Èmi ni ẹnì kẹta lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò bi í léèrè ohun tí wọ́n jẹ nínú ilé lóṣù wọ̀nyẹn. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mò ń kánjú àtilọ wo òkè. Mo fi ìwé náà àti oko tíì kọjú síra wọn nínú álíbọ́ọ̀mù.

Ti ọkọ̀ ojú irin kékeré náà ò gbà mí lákòókò. Fótò rẹ̀ lé ní 300, mo yan mẹ́ta. Láti 1881 ló ti ń gòkè lọ sí Darjeeling lórí irin tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, UNESCO sì fi sára ohun àjogúnbá ayé ní 1999. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ibi tó ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá ní Ghum, tí oníṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè kọjá.

Fótò 48 ni mo tẹ̀. Níbi tí mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ, wọ́n tẹ yìnyín di àwọ̀ ọsàn, fótò funfun yẹn sì ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Mo gbé e lọ síbòmíì. Òun ló wà lójú ewé kìn-ín-ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń padà sí Kolkata ló bá mi gbé ti didi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn rẹ̀ wọlé lórí WhatsApp. Ó ní, "Bhai, fótò tí mo ti ń gún ata yẹn, o ní oṣù Kejìlá ni. Wo ògiri. Àwọ̀ búlúù ni. Ṣáájú òjò ọdún yẹn la ti kùn ún ní funfun." Mo wò ó. Búlúù ni lóòótọ́. Ó ti di fótò 62 tó kù fún mi nínú ti oṣù Kẹrin.