Mo tan QoS sórí switch, ohùn tẹlifóònù wá ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Switch Cisco Catalyst 2960 là ń lò ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn. Kéébù kan ṣoṣo ló so ó mọ́ switch kejì, níbi tí server àti router wà. Bí wọ́n bá ti ń da fáìlì sínú server, ohùn tẹlifóònù IP á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo tẹ mls qos, àṣẹ tó ń tan QoS (ètò tó ń fi ìsọfúnni kan ṣáájú òmíràn), ńṣe ló tún burú sí i.

Ìdáhùn: Ẹ kò tíì ṣe é tán ni. Tẹ́lẹ̀, switch kì í fọwọ́ kan àmì tó wà lára páàkẹ́ẹ̀tì (ègé ìsọfúnni tó ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá). Bí ẹ ṣe tẹ mls qos báyìí, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. DSCP 46 (DSCP ni àmì tó ń sọ bí páàkẹ́ẹ̀tì ṣe ṣe pàtàkì tó) tí tẹlifóònù kọ sára ohùn, ó ti pa á rẹ́, ó fi 0 sí i. Ohùn àti fáìlì wá jọ ń tò sórí ìlà (queue) kejì tí páàkẹ́ẹ̀tì fi ń jáde, ìlà náà ò sì ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú ààyè tí port ní láti kó páàkẹ́ẹ̀tì dúró sí. Ẹ wò ó fúnra yín (gi0/5 dúró fún port tí tẹlifóònù wà, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀):

show mls qos interface gi0/5

Bí ẹ bá rí "trust state: not trusted", ibẹ̀ gan-an ni. Lórí port tẹlifóònù, ẹ tẹ:

mls qos trust cos
mls qos trust device cisco-phone
priority-queue out

Bí tẹlifóònù yín kì í bá ṣe ti Cisco, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo àṣẹ kejì yẹn. CDP (ọ̀nà tí ẹ̀rọ Cisco fi ń sọ ara wọn fún ara wọn) ni switch fi ń dá a mọ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ, kò ní gba port náà gbọ́. Lórí kéébù tó lọ sí switch kejì, ní òpin méjèèjì, mls qos trust dscp àti priority-queue out ti tó.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ohùn ti mọ́ kedere nínú ọ́fíìsì. Àmọ́ ìpè tó ń gba router lọ sí ẹ̀ka wa l'Ékòó ṣì ń já, router sì ní páàkẹ́ẹ̀tì EF (àmì tí wọ́n ń fi sára ohùn) kankan ò kọjá.

Ìdáhùn: Switch náà ni. CoS 5 (CoS ni àmì ipò tó wà lára férémù Ethernet) tó bá rí, DSCP 40 ló ń sọ ọ́ dà, 46 sì ni EF. Ẹ ò lè fura nínú ọ́fíìsì, torí ìlà kìíní ni 40 àti 46 jọ ń tò sí. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi yẹ router wò níbi iṣẹ́ mi kí n tó mọ èyí. Ẹ tẹ:

mls qos map cos-dscp 0 8 16 24 32 46 48 56

Ìbéèrè: Fáìlì wá ń falẹ̀, output drops (páàkẹ́ẹ̀tì tí port jù nù) sì ń pọ̀ sí i.

Ìdáhùn: Ẹ fi statistics kún òpin àṣẹ show tó wà lókè, lórí port kéébù yẹn. Ẹ ṣọ́ra o: láti 0 ló ti ń ka ìlà níbẹ̀, nítorí náà "queue 1" ni ìlà kejì. Bí ibẹ̀ ni páàkẹ́ẹ̀tì ti ń ṣòfò, ẹ fi ààyè kún un:

mls qos queue-set output 1 buffers 15 45 20 20