Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Nítorí Rọ́bọ́ọ̀tì: Àṣìṣe Tí Ẹbí Aláìsàn Rọpárọsẹ̀ Máa Ń Ṣe

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní pẹ́ tí ọmọ tó wà lókè òkun á fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí: wọ́n fi okùn gbé ọkùnrin kan dúró, rọ́bọ́ọ̀tì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń rìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ títa ilẹ̀ Odògbolú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Owó ilẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó burú ni pé, bí wọ́n ṣe ń sáré físà kiri, bàbá kàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni, apá àti ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ gan-an ni ara máa ń tètè gba ìtọ́jú jù. Fisiò, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi ìdárayá mú kí apá àti ẹsẹ̀ padà ṣiṣẹ́, wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ná.

Àwọn kan sì gbà pé ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì bá ṣe gbọ́dọ̀ ju ti ọwọ́ ènìyàn lọ. Ní UK, wọ́n dán an wò lára àwọn 770 tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́. RATULS ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Àwọn tó lo rọ́bọ́ọ̀tì lò ó ní ìṣẹ́jú 45, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ ṣe kò ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn láìlo rọ́bọ́ọ̀tì lọ. Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìrìn, tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ fisiò, máa ń ran àwọn tí kò tíì lè rìn rárá lọ́wọ́, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bàbá tó ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́sálásí fúnra rẹ̀ kò ní rí tó bẹ́ẹ̀ jẹ níbẹ̀.

Àwọn tó tiẹ̀ wá rí ẹ̀rọ lò ńkọ́? Òmíràn á wọnú ẹ̀ tán, á jọ̀wọ́ ara sílẹ̀, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ló ń rìn, kì í ṣe òun. Ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì dára fún ni pé kì í rẹ̀ ẹ́: ó lè jẹ́ kí ènìyàn gbé ìgbésẹ̀ kan náà láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tiraka kí ọpọlọ tó rí nǹkan kọ́. Bí agbára bá ti ń padà, ẹ ní kí wọ́n dín ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kù.

Irú àṣìṣe yìí kan náà wà nílé. Ìyàwó ilé á fi ṣíbí bọ́ bàbá ọkọ ní ìkọ́kọrẹ́, nítorí ọ̀wọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí bàbá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gbìyànjú, bó tilẹ̀ dà sí wọn láṣọ.

Àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ lè bó yín lára láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ yẹ ara wò lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan. Egungun ẹsẹ̀ tí kò tẹlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kì í lágbára mọ́, ó lè kán. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó wọnú ẹ̀rọ. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tí wọ́n bá gbé yín nàró, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ dìde, kó má fa apá tí kò ṣiṣẹ́ yẹn o. Èjìká lè yẹ̀.