Bí mo ṣe gbé Q spiral inductor sókè lórí chip
Oscillator 5 GHz mi (circuit tó ń mú iná ṣe ìgbì léraléra) ò gbéra rárá nínú simulation, torí Q inductor rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Inductor yìí ni ìlà mẹ́táàlì tí a ká lórí chip; Q sì ni ìwọ̀n bó ṣe ń pa agbára mọ́ láìfi ṣòfò.

Mo kọ́kọ́ mú kí ìlà mẹ́táàlì fẹ̀ sí i. Kò ràn án: etí mẹ́táàlì ni iná máa ń gbà ní 5 GHz, capacitance (bí mẹ́táàlì ṣe ń tọ́jú iná) láàárín òun àti sílíkọ́nì abẹ́ rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Mo tẹ́ mẹ́táàlì gbalaja sábẹ́ rẹ̀ kó lè dá a bò lọ́wọ́ sílíkọ́nì, ni inductance (ìwọ̀n agbára òòfà tí iná inú inductor ń dá sílẹ̀) bá já wálẹ̀, torí iná ń yí po nínú mẹ́táàlì ìsàlẹ̀ náà, ó ń ta ko ti òkè.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mo la mẹ́táàlì ìsàlẹ̀ yẹn sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìlà kọ̀ọ̀kan dábùú ọ̀nà tí iná ń gbà lókè, mo wá so gbogbo wọn mọ́ ground (ojú òdo fóltì circuit náà). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìlà tó so wọ́n pọ̀ di òrùka tó pa dé. Ẹ já a níbì kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná á tún rí ibi yí po. Oscillator gbéra.

Self-resonance (frequency tí inductor ti máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́ inductor) wálẹ̀ díẹ̀ o, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí resistance sílíkọ́nì yín bá ti ga tẹ́lẹ̀, èrè ẹ̀ lè má tó nǹkan.