Bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó yẹ ká ṣọ́ jù lẹ́yìn hátì atáàkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù ọkàn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti fún aláìsàn lóògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí tí wọ́n ti la iṣan ọkàn rẹ̀, niṣẹ́ parí. Àwa nọ́ọ̀sì la máa mọ ẹni tó yẹ ká jókòó tì mọ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ fi etí ṣiṣẹ́. Ẹ rọra gbé aláìsàn jókòó, ẹ gbé stethoscope sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ ní kó mí kanlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ń ta bí iyọ̀ nínú iná, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 1967, dókítà Thomas Killip àti John Kimball fi irú àyẹ̀wò yìí pín 250 aláìsàn sí ìsọ̀rí mẹ́rin ní New York. Nínú 100 tí ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́, bíi 6 ló kú. Ìsọ̀rí kejì tí ohùn yẹn ti ń dún, 17. Ìkẹta tí omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró, 38. Ìkẹrin tí BP ti já wálẹ̀, 81. Ìtọ́jú òde òní dára ju ìyẹn lọ dáadáa, àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ò yí padà.

Tí ìlà ST bá gòkè lórí ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà, ẹ ṣírò TIMI, ìyẹn máàkì tá a máa ń ròpọ̀ láti mọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú màmá ẹni ọdún 68: ọjọ́ orí, 2. BP 128, pọ́ọ̀sì 92: òdo. Ẹ̀dọ̀fóró ń dún, 2. Wọn ò tó kílò 67, 1. Iwájú ọkàn ló kàn, 1. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, 1. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, 1. Àpapọ̀ 8. Nínú 100 irú wọn tó gba oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀, bíi 27 ló kú láàárín 30 ọjọ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2000 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wákàtí yẹn ló máa ń dà rú jù. Ẹ má bi àwọn ọmọ pé aago mélòó, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé kí màmá tó kírun àsùbáà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, àbí lẹ́yìn ẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka 27 sí wọn létí. Ẹni tí a máa ṣọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń fi hàn wá, kì í ṣe ẹni tó máa kú.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ tún ECG ṣe láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú. Tí ST ò bá wálẹ̀ tó ìdajì, iṣan náà ò tíì là nìyẹn. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa wọn ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí. Tí kò bá tó 30 mílílítà, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì tutù, ẹ má dúró de ìgbà tí BP máa já kẹ́ ẹ tó pe dókítà.

Kí wọ́n tó lọ sílé, ẹ wo èsì echo, ìyẹn àwòrán ọkàn: EF, ìyẹn ìdá nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn tó ń tú jáde nígbà tó bá lù, tó bá jẹ́ 40 sísàlẹ̀, nílò oògùn míì àti àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Bí wọ́n bá fi stent, ìyẹn wáyà kékeré tí kì í jẹ́ kí iṣan ọkàn tún dí, sí i, ẹ sọ fún ọmọ tó ń bá wọn ra oògùn pé aspirin àti clopidogrel ò gbọ́dọ̀ tán nílé láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n dá a dúró.