Igi eléso nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì: ohun tí wọ́n ń bi mí ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn tó ń kọ́lé ní Ifẹ̀ ti ń fi gíláàsì yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká báyìí, wọ́n á tún fi páànù tó mọ́ gaara bò ó lórí kí oòrùn lè wọlé. Tó bá ti parí, wọ́n á wá bá mi níbi tí mo ti ń ta igi lójú títì Ẹ̀dẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Olódòdó. Parákin ni mò ń gbé, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba ló ní ká kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì sẹ́yìn ilé, irú èyí tó wà nílé tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó ti so, mo gbé e síbẹ̀ nínú oṣù kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ́wé, ọmọ orí rẹ̀ náà ń rẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Kí ló ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, mà. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń ṣe é, omi yẹn gan-an sì lè wà lára ohun tó ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé tí ẹ gbé e sí.

Nítorí òtútù ni àwọn òyìnbó ṣe ń kọ́ irú ilé yìí. Ọsàn kò lè fara da yìnyín wọn, ni wọ́n bá ń fi gíláàsì ká oòrùn mọ́lé fún un. Ní Versailles, nílẹ̀ Faransé, ilé ńlá kan wà tí Jules Hardouin-Mansart kọ́ fún ọsàn ọba láàárín 1684 sí 1686. Síbẹ̀, ọsàn ọ̀hún kì í gbé inú ilé tọdún tọdún. Inú àpótí onígi ni wọ́n gbìn ín sí kí wọ́n lè gbé e síta nígbà ooru, kí wọ́n sì gbé e wọlé kí òtútù tó dé. Ní Parákin ńkọ́? Ooru tí wọ́n ń wá kiri lọ́hùn-ún ni àwa ń sá fún níbí. Lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kejì sí ìkẹta, abẹ́ páànù yẹn lè kọjá 40°C bí fèrèsé bá wà ní títì. Ọsàn kì í sì í dàgbà mọ́ tí ooru bá ti tó bíi 38°C. Ewé ló máa kọ́kọ́ gbọ̀n dànù, kí omi ara rẹ̀ má bàa tán.

Ẹ ṣí fèrèsé, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ nìkan. Òkè ni ooru ń lọ, torí náà ẹ ní kí káfíńtà yọ ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ páànù, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dúdú tí àwọn oní-nọ́sìrì ń ta bo òkè rẹ̀ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọsàn náà sí ìhà ìlà oòrùn, níbi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti bá a.

Ní ti omi, ẹ ti ìka yín bọ inú ilẹ̀ ìkòkò náà dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ má fún un lómi lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì ń pọ́n, a jẹ́ pé gbòǹgbò ò rí èémí mí. Ẹ yẹ ìdí ìkòkò náà wò pẹ̀lú: àwọn kan ń ta ìkòkò tí ò níhò rárá, wọ́n ní kí omi má bàa ba táìlì jẹ́. Ẹ lu ihò mẹ́rin márùn-ún sí i.

Ẹ má tíì sọ igi náà nù o. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ó ṣì wà láàyè. Ẹ ká ọmọ tó kù lórí rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè padà sínú ewé, ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ kankan títí yóò fi rúwé tuntun.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ mi tún kọ orúkọ igi ránṣẹ́ pé kí n wá: ólífì, ápù, ọsàn, àti igi ńlá bíi mélòó kan tí wọn ò ní so, ẹwà lásán. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí i. Ẹ yọ ólífì àti ápù kúrò. Àwọn méjèèjì nílò òtútù gidi kí wọ́n tó lè tanná, òtútù ọyẹ́ tiwa ò sì tó wọn. Ẹ ó máa wo ewé títí ni. Èmi ò ní tà á fún yín, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ dára, gúáfà dára, ọ̀pẹ̀yìnbó rọrùn jù gbogbo wọn lọ: ẹ gbin ọmọ ìdí rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ ó jẹ ẹ́ láàárín oṣù 15 sí 18. Máńgòrò, píà àti àgbálùmọ̀, ẹ gbìn wọ́n síta, igi ńlá ni wọ́n. Tí ẹ bá sì ń ra ọsàn, ẹ béèrè èyí tí wọ́n lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ sára igi mìíràn, bí Pọ́ọ̀lù ṣe sọ nípa igi ólífì nínú ìwé Róòmù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìtì rẹ̀, ẹ ó rí ojú àpá náà. Èyí tó hù láti inú kóró lè gbà tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó so. Èyí tí wọ́n lọ́ máa ń tètè so, bí ọdún kẹta.

Ti ẹwà ńkọ́? Ẹ má náwó jìnnà. Pèrègún tí a fi ń pààlà oko, òun náà ni àwọn òyìnbó ń rà gbé sí pálọ̀, kò sì kọ ibi òjìji. Ojá ìkookò náà kì í jà fún omi. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé igi kì í pẹ́ nínú ìkòkò, irọ́ ni: igi kan tó jọ ọ̀pẹ wà ní Kew, ọgbà igi ńlá kan nílùú London, láti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e débẹ̀ ní 1775, inú ìkòkò ló ṣì wà.

Ilẹ̀ tí mo máa ń pò: ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì, yanrìn odò ọ̀nà kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ọ̀nà kan. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Ìbéèrè: Mà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa wà, ní Mayfair. Ṣé ìkòkò 60 lítà mẹ́fà lè gba ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti mu omi, lè sún mọ́ 100 kg. Ẹni tó kọ́ ilé yẹn ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi. Títí ẹ ó fi rí i, ìdí ògiri ni kí ẹ tò wọ́n sí, ẹ má kó wọn sí àárín.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀, mà. Mọ́dákẹ́kẹ́ ni mo wà. Ìbẹ́pẹ mi inú dúrọ́ọ̀mù ń tanná lọ ràì, kò so ẹyọ kan.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, báwo ni òdòdó rẹ̀ ṣe rí? Tó bá ń rọ̀ jọwọlọ lórí okùn gígùn, akọ lo gbìn, ẹ̀bẹ̀ ò lè mú un so. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìtì tó sì ní ikùn roboto, abo ni. Ó ń wá àtíkè òdòdó lára akọ tàbí ti onímejì (èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ akọ àti abo pọ̀), bẹ́ẹ̀ o ti ti fèrèsé mọ́ oyin. Ṣí i láàárọ̀, tàbí kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé àtíkè náà fún un fúnra rẹ.

Tó bá di ìgbà mìíràn, gbin ọmọ mẹ́ta pọ̀, láti inú irú ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń pè ní Solo. Tí wọ́n bá ti tó bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n máa tanná. Onímejì ni kí o fi sílẹ̀, òun ló ń dá so. Kó àwọn ìyókù dànù, má ṣàánú wọn.

Ìbéèrè: Ìyá Olódòdó, láti Lágere ni. Ewé gúáfà mi ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, dúdú bí èédú ti bò ó, èèrà sì ń gun ún lójoojúmọ́. Mo ti fín oògùn èèrà títí ó fi sú mi.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èèrà kọ́ ni olè, òun ló ń ṣọ́ olè. Ẹ yí ewé padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti oríkèé ẹ̀ka: ẹ ó rí kòkòrò kan tó funfun bí òwú. Òun ló ń mu omi ara igi, ohun dídùn tó sì ń yà jáde ni èèrà ń lá, orí rẹ̀ náà ni dúdú yẹn ń hù sí. Èèrà á máa lé àwọn kòkòrò mìíràn tó yẹ kó pa á jẹ, òjò ò sì rí àyè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín láti fọ̀ ọ́ dànù.

Ẹ pò ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan mọ́ omi lítà kan, ẹ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí kò bá jó o, ẹ fi aṣọ nù gbogbo ẹ̀yìn ewé ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe nígbà tí oòrùn ń mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí ẹyin rẹ̀ máa ń kù. Ẹ sún ìkòkò náà kúrò lára ògiri kí èèrà má rí afárá gbà. Ẹ̀ka tí kò bá gbọ́, ẹ gé e, ẹ sun ún. Ẹ má sì gbé e wá hàn mí níbi ọjà mi o, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́tò rẹ̀ ni kí ẹ yà wá.